Ọ̀bẹ Kan Aṣọ Ìyá Mi Kí Ijó Tó Bẹ̀rẹ̀

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ijó àwọn ahunṣọ ní Bantè, wọ́n a máa sọ pé lọ́dún tí a gbé ijó náà lọ sí Savalou, aránṣọ kan bọ́ agbádá ọrùn rẹ̀, ó fi tẹ́ tábìlì fún kòmáńdà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso agbègbè wa, nítorí ìfẹ́ tó ní sí ìlú rẹ̀. Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Inú aṣọ tó dá gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gan-an ni mo wà, èmi àti ìyá mi, àwa méjèèjì nínú aṣọ kan ṣoṣo, nígbà tí agbádá yẹn ń bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Mo ti kàwé dé yunifásítì, mo ti kọ́ bí a ṣe ń to ẹjọ́ tí ọ̀daràn kò fi ní rí ibi sá sí, n ó sì to ti aránṣọ yìí bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá rí i pé inú mi ń dùn níbi tó yẹ kí n ti máa bínú, ẹ má dá mi lẹ́bi. Ijó yẹn dùn. Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe fún wa ni kò dùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí aṣọ náà ṣe rí, torí ẹni tí kò bá mọ aṣọ kò lè mọ ẹ̀ṣẹ̀. Òfì àwọn obìnrin wa kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọkùnrin fi ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn. Tiwa dúró gangan lára ògiri ni, igi kan lókè, igi kan nísàlẹ̀, òwú á sì yí igi méjèèjì po láìní ìbẹ̀rẹ̀, láìní òpin. Bí obìnrin bá ṣe ń hun, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ á máa yí lọ sẹ́yìn, títí yóò fi ku ibi kékeré kan tí ọwọ́ kò lè ráyè gbà mọ́. Ibẹ̀ á wà ní òwú lásán. Tí wọ́n bá yọ igi méjèèjì, aṣọ á jáde bí òrùka ńlá, aṣọ yípo, àfi ibi òwú lásán yẹn. Bó bá jẹ́ aṣọ ọjà, wọn á fi ọ̀bẹ la ibẹ̀, aṣọ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ó di títà.

Aṣọ ijó ni ọ̀bẹ kì í kàn. Ọmọbìnrin tó bá máa kúrò nílé lọ́dún kan, ìbáà ṣe ilé ọkọ ló ń lọ, ìbáà ṣe ìrìn àjò, ìyá rẹ̀ á hun kíjìpá aláró kan fún un, aṣọ tó nípọn tí kì í gbó bọ̀rọ̀. Ìyá àti ọmọ á kó sínú òrùka aṣọ náà pọ̀, ọmọ níwájú, ìyá lẹ́yìn, ibi òwú lásán á wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì kí gbogbo ayé lè máa wò ó, wọn á sì jó láti òkè ìgboro dé ìsàlẹ̀. Bí ọmọ bá yára ju ìyá lọ, òwú á já. Bí ìyá bá fà sẹ́yìn, òwú á já. Nísàlẹ̀ ìgboro ni ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn ahunṣọ máa ń jókòó sí pẹ̀lú ọ̀bẹ. Òun nìkan ló ń gé òwú náà. Bó bá ti gé e, ìyá ti yọ̀ǹda ọmọ nìyẹn, aṣọ di ti ọmọ, kálukú á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sílé. Ọmọ tí wọn kò bá jó kúrò nílé, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ níbi tó bá lọ.

Ọdún yẹn ni èmi fẹ́ lọ. Bàbá mi, tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Àgùdà, òun ló mú kí n ṣe ìdánwò, mo sì yege. Àwọn màsẹ́ẹ̀, ìyẹn àwọn obìnrin onífílà funfun tí wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ létí òkun, ti gbà mí sọ́dọ̀. Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tí ìyá mi bí. Òun alára kò sì jó ijó náà rí, torí ìyá tirẹ̀ ti kú kó tó tó ẹni à ń jó jáde nílé. Tí kò bá jó pẹ̀lú mi lọ́dún yẹn, kò ní jó o mọ́ láyé. Gbogbo Bantè ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aránṣọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Látìgbà ọyẹ́ ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ran òwú. Mo rí i tó ń pa á láró léraléra, tó ń sá a, tó tún ń dá a padà sínú ìkòkò, títí ọwọ́ rẹ̀ fi dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ó fi funfun tín-ín-rín kan gba àárín, bí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba inú oko kọjá lówùúrọ̀. Àwọn obìnrin tó bá wọlé wá kí i kì í lè jókòó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Lọ́dún yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ dé pé kòmáńdà fẹ́ wo ijó wa, àwọn àgbà sì gbà pé kí a gbé e lọ bá a ní Savalou. Wọ́n fi ètò rẹ̀ sọ́wọ́ aránṣọ kan tó ti gbé Kùtọnu, tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ, tó sì ní ṣọ́ọ̀bù onípáànù. Ọmọ agboolé bàbá mi ni. Nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi fi ọjọ́ orí púpọ̀ jù ú lọ, ọkọ rẹ̀ ni nílé wa, ọkọ ló gbọ́dọ̀ máa pè é, "ẹ" ló gbọ́dọ̀ máa fi bá a sọ̀rọ̀. Òun á ní "ìyàwó wa", á sì máa ní "ìwọ". Ọkùnrin náà ní òjò ń rọ̀ gan-an, pé kí gbogbo ìyá tó ní aṣọ ijó kó o wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, kí koríko òrùlé wọn má baà jò sí i lórí. Wọ́n kó o fún un. Àwọn ènìyàn a máa ní kí ló dé tí wọ́n kó o fún un. Ọmọ ilé ni, òjò sì ń rọ̀ lóòótọ́!

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ijó, kàmíọ̀ tó máa gbé wa ti dúró síwájú ọjà. Àwọn obìnrin rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti gba aṣọ wọn. Mo ti para, mo ti di irun, ẹsẹ̀ mi ń jó fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀. Kálukú ń gba òrùka tirẹ̀, wọ́n ń fi kọ́ èjìká, wọ́n ń pariwo. Tiwa kò sí láàárín wọn.

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìyá mi wí. "Tiwa ńkọ́?"

"Ìyàwó wa! Ìwọ gan-an ni mò ń retí. Sún mọ́ ibí, wá wo nǹkan." Ó fa nǹkan kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó nà án gbalaja. "Wò ó! Mo lọ̀ ọ́, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ lójú méjèèjì. Iwájú kòmáńdà ni yóò tẹ́ sí. Nínú gbogbo aṣọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, tìẹ ni mo mú. Ṣé o rí bí mo ṣe gbé ẹ ga?"

Ìyá mi fi ìka rẹ̀ tọ etí aṣọ náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

"Ẹ ti gé e."

"Báwo ni mo ṣe máa fi òrùka tẹ́ tábìlì?"

"Ọkọ mi, ẹ ti gé e."

Obìnrin ahunṣọ kan láti Pira, tí òun náà wá gba aṣọ tirẹ̀, tí kò sì sí nínú ilé wa, kò ní ọkọ kankan tó máa bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀. "Ìwọ ọkùnrin yìí," ló wí, "ṣé kì í ṣe ìdí òfì ni ìyá rẹ bí ẹ sí? Àbí ẹ̀rọ ìránṣọ ló rọ́bí rẹ?"

Àwọn obìnrin hó. Ojú aránṣọ kò tilẹ̀ yí padà. "Ayé ti là, ẹ̀yin ìyá. Ṣé kí kòmáńdà jókòó ní Savalou, kó wá máa wo ẹ̀yin àti ọmọ yín tí ẹ ń fò nínú aṣọ bí adìẹ inú agọ̀? Ìyàwó wa, wá nǹkan ẹlòmíràn yá, kí ìwọ àti ọmọ rẹ jó nínú rẹ̀. Aṣọ ṣáà ni aṣọ."

Mo fẹ́ kí ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ kà á tán. Ó mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ láìbéèrè. Ó mú èyí tó dára jù, nítorí pé ó dára jù. Kì í ṣe ọ̀bẹ ni ó fi gé e pàápàá, àlùmọ́gàjí ni, irú èyí tó fi ń gé ṣòkòtò. Ó wá ní kí ìyá mi fi aṣọ àyálò jó mi kúrò nílé, bí ẹni pé èmi náà jẹ́ ọmọ àyálò. Ó sì ń retí kí a dúpẹ́! Mo ti ka ìwé òfin oríṣiríṣi látìgbà náà, n kò tíì rí èyí tó ní orúkọ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ń dúró gba ọpẹ́ lé lórí.

Awakọ̀ kàmíọ̀ tẹ fèrè. Ìyá mi ká aṣọ náà, ó fi há abíyá. Aránṣọ rò pé ìyàwó ilé ń bá òun gbé ẹrù ni.

"Ó ṣeun, ìyàwó wa. Rọra gbé e o, má jẹ́ kó rún."

"Mo ti gbọ́, ọkọ mi."

Aránṣọ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, nínú agbádá tuntun olómi wúrà. Àwa jókòó sẹ́yìn lórí àpò àgbàdo. Kí kàmíọ̀ tó kúrò ní Bantè, ìyá mi ti tẹ́ aṣọ sórí itan, ó ní, "Ẹ bá mi tú etí yìí." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin Pira fi eyín já okùn àkọ́kọ́. Obìnrin kan láti Atokoligbé fa abẹ́rẹ́ irun yọ lórí rẹ̀, ó fi ń họ okùn ẹ̀rọ jáde. Obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Bantè mú ìpẹ̀kun kejì. Nígbà tí etí tú tán, òwú tó gé yọ jáde ní ìhà méjèèjì, kò gùn ju ìka lọ, bí irùngbọ̀n ọkùnrin tí kò fá a lóṣù kan.

Ahunṣọ ní ìso kan tó máa ń so nígbà tí òwú bá já lójú òfì. Ó kéré bí ẹyin iná orí. Òun ni wọ́n ń so. Èmi di ojú aṣọ méjèèjì mú kí wọ́n súnmọ́ ara wọn, àwọn mẹ́rin ń mú òwú láti ìhín, wọ́n ń wá èkejì rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ń so ó. Kàmíọ̀ á bọ́ sí kòtò, gbogbo wa á fò sókè, èébú á jáde lẹ́nu wọn fún awakọ̀, fún ọ̀nà, fún aránṣọ, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́ orin ti dé sí i. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá a:

Ẹni tó ń gé, ẹ jẹ́ kó máa gé,
Ọwọ́ tó ń so kò tíì rẹ̀ o.

Gbogbo ọkọ̀ gbè é. Mo gbọ́ tí aránṣọ náà ń gbè é níwájú, tó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn! Orin ijó ló pè é.

Obìnrin Atokoligbé ló sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa. "Bí a bá so ó tán, ìyá àgbà ńkọ́? Ọ̀bẹ ti kàn án. Bó bá fọwọ́ kan ìso wọ̀nyí, kò ní gbà pé aṣọ ijó ni."

"Ká kọ́kọ́ jó ná," ni ìyá mi wí.

A dé Savalou. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn débi pé n kò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rù nínú méjèèjì. Èrò kún ìhà méjèèjì títì, àwọn tó ń sọ èdè wa, àwọn tó ń sọ Máhì, àwọn tó ń da méjèèjì pọ̀ lẹ́nu kan. Ijó wa kò ní ìlù. Ọ̀pásá ni wọ́n ń lù, pátákó pẹlẹbẹ tí a fi ń gbá òwú mọ́ra lójú òfì. Àwọn àgbà obìnrin dúró ní òkè ìgboro, kálukú pẹ̀lú méjì, wọ́n ń gbá wọn pọ̀: kàà, kàà, kàkàkà. Ìró náà ń wọ egungun ẹsẹ̀ ènìyàn.

Aránṣọ sáré wá. "Ìyàwó wa, aṣọ dà? Tábìlì ń bẹ níhòòhò!"

"Ó ń bọ̀, ọkọ mi."

Ìyá mi gbé òrùka aṣọ náà sókè, ó wọ̀ ọ́ sí wa lọ́rùn, ó fà á wálẹ̀ dé ìbàdí. Mo gbúròó àyà rẹ̀ lẹ́yìn mi. Àwọn ìso wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, wọ́n tò bí ẹyin iná lóòótọ́. "Ẹsẹ̀ òsì ni ká fi bẹ̀rẹ̀," ló wí sí mi létí. "Má sá. Jẹ́ kí n bá ẹ."

A bọ́ sójú títì.

Kò pẹ́ tí aránṣọ fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, agbádá ń fẹ́. "Ẹ bọ́ ọ! Ẹ bọ́ aṣọ kòmáńdà!" Kò lè fọwọ́ kàn wá, torí ọkùnrin kì í fọwọ́ kan ìyá àti ọmọ tó bá wà nínú aṣọ ijó. Nítorí náà ó ń sáré, ó ń pariwo, ìró ọ̀pásá sì ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Àwọn èrò rò pé ó wà nínú ijó náà ni. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Obìnrin Pira, tó ń jó pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀ lẹ́yìn wa, ló sọ fún ayé: "Òun ló gé e o! Òun ló gé aṣọ abiyamọ!" Ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ sí Máhì, ẹ̀rín sì gbéra láti ọ̀dọ̀ àwọn tiwa, ó gba títì kọjá bí iná ọyẹ́ ṣe ń fo ọ̀nà.

Ìso kan tú. Mo gbọ́ ọ, tọ́! Àwọn èrò ké, "Héè!" Ara mi fẹ́ le. Ìyá mi rọ ìbàdí díẹ̀, ó fún aṣọ láyè, ó ní, "Máa bọ̀, máa bọ̀, ọmọ mi." Òmíràn kò tú mọ́. A ti di ẹnì kan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. N kò tíì mọ ìyá mi tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì rí ojú rẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ ìgboro, ìyá àgbà jókòó lórí àpótí, ọ̀bẹ wà lórí itan rẹ̀. Ó ti gé ti àwọn méjì tó ṣáájú wa. Ó na ọwọ́ sí òwú tiwa, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn ọ̀pásá dákẹ́.

"Kí nìyí?"

"Ìso ni, Ìyá," ni ìyá mi wí.

"Mo mọ̀ pé ìso ni, n kò tíì fọ́jú. Ta ló gé e?"

Ìyá mi kò lè sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ni. Ó tẹ orí ba. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ti yí sí ibi tábìlì, níbi tí kòmáńdà ti ń jáde bọ̀ wá jókòó. Aránṣọ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú tábìlì òfìfo. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó sì fa agbádá olómi wúrà náà gba orí yọ, ó tẹ́ ẹ. Ó ku òun àti bùbá inú, èyí tí abíyá rẹ̀ ti ya. Aránṣọ tí bùbá ara rẹ̀ ya!

Ìyá àgbà yọ ojú kúrò lára rẹ̀. "Ọ̀bẹ mi kì í tẹ̀lé ẹ̀yìn àlùmọ́gàjí," ló wí. "Ibi tó yẹ kí n gé, wọ́n ti gé e. Ohun tí mo rí níbẹ̀ báyìí, ìso ni, ọwọ́ tó so ó ló ń tú u. Àwọn wo ló so ó?"

Àwọn mẹ́ta jáde, ìyá mi ṣe ìkẹrin.

"Ṣé ẹ máa tú u?"

"Èmi?" ni obìnrin Pira wí. "Eyín mi ṣì ń ro mí."

"Abẹ́rẹ́ irun mi ti bọ́ sọ́nà," ni obìnrin Atokoligbé wí.

Aládùúgbò wa mi orí lásán. Ìyá àgbà wá wo ìyá mi, ó wò ó pẹ́.

"N kò ní tú u, Ìyá."

"Ó dáa. A jẹ́ pé ijó yín kò tíì parí." Ó ti ọ̀bẹ bọ inú àkọ̀. "Ẹ jó padà."

Kò sí ẹni tó jó padà rí. Wọ́n máa ń jó wá ni, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn lọ. A yí padà pẹ̀lú aṣọ náà, èmi tí mo wà níwájú ṣì wà níwájú, àwọn ọ̀pásá sì tún bẹ̀rẹ̀, kàà, kàà, wọ́n yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn èrò ya sí méjì. Àwọn obìnrin Savalou tí n kò mọ̀ rí bọ́ sójú títì, wọ́n ń jó sẹ́yìn níwájú wa, wọ́n ń fi aṣọ orí wọn gbá eruku fún wa. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń rẹ́rìn-ín, n kò lè dáwọ́ dúró. Nígbà tí a kọjá níwájú tábìlì, mo rí i tí kòmáńdà ń bọ aránṣọ lọ́wọ́, tó ń fọwọ́ pa agbádá náà, tó ń fi Faransé dúpẹ́ pé "mẹ̀sí, mẹ̀sí". Mo rí i dáadáa. Láti ibẹ̀ ni irọ́ tí wọ́n ń pa títí dòní ti jáde.

A jó dé ìdí kàmíọ̀. Awakọ̀ wò wá. "Aṣọ kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin. Irú ẹran wo nìyí?"

"Ẹran tó ń bu awakọ̀ jẹ ni," ni ìyá mi wí. "Fà wá sókè."

Ìgbà tí a dé ilé ni a tó jáde nínú aṣọ náà. Bí a ṣe ń padà bọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ gidi níwájú, ó sì ń gba abíyá bùbá aránṣọ wọlé. Ìyá mi na ọrùn síwájú, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ fi apá mọ́ra o. Òtútù ń mú." Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Èébú kan ṣoṣo tí mo gbọ́ pé ó bú u láyé rẹ̀ nìyẹn, "ẹ" ló sì fi bú u.

Ìyá mi gbé aṣọ náà gba orí wa yọ láìgé e, ó sì kó o sínú àpótí mi. Ní ilé ẹ̀kọ́, màsẹ́ẹ̀ kan ní kí n là á kí n fi ṣe aṣọ fèrèsé. Mo kọ̀. Bí mo bá wálé ìsinmi, ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ máa ń bi mí ni, "Ìso wa ńkọ́?" N ó ní, "Ó wà." Á ní, "Nígbà náà, wọlé wá jẹun. O kò tíì lọ ibì kankan."

Aránṣọ náà kò bẹ̀bẹ̀ rárá. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, lẹ́yìn tí mo ti yunifásítì dé, ó ránṣẹ́ sí mi, ó ní òun gbọ́ pé kíjìpá yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi láìní etí, pé kí n fi ránṣẹ́, òun á bá mi ṣẹ́ etí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bi ìyá mi léèrè ohun tí mo máa fi dá a lóhùn. Ó ń ran òwú. Kò gbójú sókè.

"Kí i fún mi," ló wí. "Sọ fún ọkọ mi pé a ṣì wà nínú rẹ̀."